Àáké Ìgbẹ́nà Tí A Rọ Lẹ́yìnkùlé

Irin àáké náà kò ju ìbú ọwọ́ méjì lọ. Ara rẹ̀ dúdú, ó sì rí gbágungbàgun. Ojú ibi tí òòlù ti bà á ṣì hàn síta, ọ̀kan gun orí èkejì láti ìrù títí dé èjìká. Ẹni tó bá rí i lórí tábìlì kò ní kọ́kọ́ rò pé nǹkan iyì ni. Ìgbà tó bá gbé e sọ́wọ́, tó yí i dé ẹnu, ni yóò tó rí ìlà funfun tínrín kan tó tẹ̀ kọrọdọ díẹ̀, tó dán débi pé ó ń gbé òjìji ìka ẹni hàn. Ibi tí yóò kan igi nìkan la dán. Ìyókù wà bí iná ti fi í sílẹ̀. Lójú tèmi, ibẹ̀ gan-an ni ẹwà irinṣẹ́ tí a fọwọ́ ara ẹni rọ wà: kò sí ohun kan lára rẹ̀ tí ẹni tó rọ ọ́ kò lè sọ ìdí tó fi wà níbẹ̀.

Kì í ṣe àáké agégi ni mò ń sọ. Ti agégi, ojú rẹ̀ àti èèkù rẹ̀ jọ kọjú síbì kan náà ni. Èyí tí mò ń wí yìí, ojú rẹ̀ dábùú bíi ti ọkọ́, ọ̀dọ̀ ẹni tó dì í mú ló sì ń kọjú sí. Òun ni àwọn gbẹ́nàgbẹ́nà wa fi ń gbẹ́ ère, òpó ààfin, ilẹ̀kùn, ọpọ́n Ifá àti ìbejì láti ìgbà ìwáṣẹ̀. Bí ẹni tó mọ̀ ọ́n lò bá jókòó tì í, yóò máa ṣá igi wéréwéré, èérún igi á máa ta sílẹ̀ ní tínrín-tínrín, ojú igi náà á sì máa jọ ẹni pé wọ́n ń bó o ni, wọn kò gé e.

Ìdí tí irú rẹ̀ kò fi sí ní ṣọ́ọ̀bù kò jìnnà. Ṣísẹ̀lì tí wọ́n ń tà fún káfíńtà dára fún iṣẹ́ káfíńtà. Ó gùn gbọọrọ, ojú rẹ̀ tẹ́, ihò onígun mẹ́rin ló mọ̀ ọ́n lù. Ẹni tó ń kan ilẹ̀kùn àti àga kò nílò ju bẹ́ẹ̀ lọ. Ṣùgbọ́n kò síbi tó tẹ́ lára ère. Abẹ́ àgbọ̀n, ẹ̀yìn etí, àlàfo tó wà láàrin apá àti ìhà, ìsàlẹ̀ ọmú ìyálọ́mọ tó kúnlẹ̀, gbogbo ibi wọ̀nyí ń fẹ́ irin tó tẹ̀ bí àwọn náà ti tẹ̀. Ìwọ̀n títẹ̀ yẹn sì ń yàtọ̀ láti ère dé ère, ó ń yàtọ̀ láti ọwọ́ dé ọwọ́. Ilé iṣẹ́ tó ń ṣe ẹgbẹẹgbẹ̀rún irinṣẹ́ kan náà kò lè mọ̀ pé ọwọ́ òsì lò ń lò, tàbí pé ìka ìlábẹ̀ rẹ kúrú.

Kevin Carroll, àlùfáà Ìjọ Àgùdà tó bá àwọn gbẹ́nàgbẹ́nà ṣiṣẹ́ ní Ọ̀yẹ́-Èkìtì láti 1947, to iṣẹ́ gbígbẹ́ lẹ́sẹẹsẹ nínú ìwé tó kọ lórí ère Yorùbá ní 1967, bó ti gbọ́ ọ lẹ́nu àwọn ọ̀gá iṣẹ́ náà. Ọ̀nà lílé ni wọ́n fi ń bẹ̀rẹ̀: wọ́n á fi àáké la orí, ara àti ẹsẹ̀ ère jáde nínú ìtì igi ní gbangba-n-gbàngbà. Alétúnlé ló tẹ̀ lé e, níbi tí imú, ojú àti ọwọ́ ti ń yọ wá. Dídán ló kàn, kí gbogbo ojú igi lè jọ̀lọ̀. Fífín ló kẹ́yìn, èyíinì ni pé kí ọ̀bẹ ya irun, ilà ojú, ìlẹ̀kẹ̀ àti ìpéǹpéjú. Ẹni tó bá rò ó dáadáa yóò rí i pé ẹnu irin mẹ́rin ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ ni ìpele mẹ́rin wọ̀nyí ń béèrè. Irin tó lè fara da ọ̀nà lílé kò lè fín ìpéǹpéjú. Èyí tó sì lè fín ìpéǹpéjú, bó bá bọ́ sẹ́nu ọ̀nà lílé, á sán.

Ọlọ́wẹ̀ ará Ìsẹ̀-Èkìtì gbẹ́ ilẹ̀kùn ààfin Ìkẹ́rẹ́ tí wọ́n gbé lọ síbi àfihàn ńlá ní Wembley ní 1924, tó sì wà ní British Museum ní Lọ́ńdọ̀nù títí dòní. Àwọn èèyàn inú ilẹ̀kùn náà yọ síta ju bí èèyàn ti máa ń rò pé igi pẹlẹbẹ lè yọ lọ. Ẹlòmíì orí rẹ̀ ti fẹ́rẹ̀ẹ́ kúrò lára pátákó. Àwọn tó ń kọ̀wé nípa rẹ̀ a máa yin ojú inú rẹ̀, ó sì tọ́ bẹ́ẹ̀. Èmi a máa rò ó lọ síbòmíràn: irú irin wo ló wọ ẹ̀yìn orí wọ̀nyẹn? Irin tó gùn tó sì tẹ́ kò lè débẹ̀. Ẹnìkan ló jókòó tẹ irin kan síbi tí ọwọ́ Ọlọ́wẹ̀ fẹ́ kó tẹ̀ sí.

Irin ọ̀hún ńkọ́, níbo ló ti ń wá? Nígbà kan, inú ilẹ̀ ni. C. V. Bellamy, òṣìṣẹ́ ìjọba amúnisìn, tẹ àkọsílẹ̀ kan jáde ní 1904 nípa ilé ìyọ́rin tó rí ní ilẹ̀ Yorùbá. Wọ́n ń wa òkúta irin, wọ́n ń sun ún, wọ́n ń gún un, wọ́n ń fọ̀ ọ́, kí wọ́n tó kó o sínú ìléru alámọ̀ pẹ̀lú èédú. Irin òyìnbó ló pa iṣẹ́ yẹn. Nígbà tí ọ̀pá irin àti àjákù bẹ̀rẹ̀ sí í wọlé lọ́pọ̀ yanturu láti èbúté, kò sẹ́ni tó tún fẹ́ máa ṣe wàhálà òkúta. Mo mọ àwọn tó ń kédàárò ilé ìyọ́rin wọ̀nyẹn, n kò sì bá wọn jà. Àmọ́ alágbẹ̀dẹ tó rí àjákù gbà kò sunkún. Ó rí i pé irin tó wà lábẹ́ ọkọ̀ akẹ́rù le ju èyí tó ti ń yọ́ tẹ́lẹ̀ lọ.

Sípíríǹgì pẹlẹbẹ tó máa ń wà lábẹ́ ọkọ̀ akẹ́rù, tí wọ́n ń tò léra wọn bí ìwé, ni olórí irin fún iṣẹ́ yìí. Ní ọjà Àràròmí ní Agodi Gate ní Ìbàdàn, níbi tí wọ́n ti ń tú ọkọ̀ palẹ̀ tí wọ́n sì ń tà á ní wẹ́lẹwẹ̀lẹ, èèyàn lè rí èyí tó ti ṣẹ́ láàrin, tí kò wúlò fún ọkọ̀ kankan mọ́. Ìdí tó fi dára ni kábọ́ọ̀nù tó wà nínú rẹ̀, tó máa ń tó nǹkan bíi 0.6 nínú ọgọ́rùn-ún. Ó kéré lójú, ṣùgbọ́n òun ló ń jẹ́ kí irin le nígbà tí a bá rẹ ẹ́ nínú òróró. Irin rọ́ọ̀dù tí àwọn bíríkìlà fi ń ṣe òpó ilé kò ní tó bẹ́ẹ̀. Bí o bá fi ọ̀sẹ̀ kan rọ ọ́, tó lẹ́wà tó ẹ̀gbà ọrùn, ẹnu rẹ̀ á ká kò lọ́jọ́ tó bá kọ́kọ́ pàdé igi àpá. Fáìlì tó ti jẹ tán náà dára, kábọ́ọ̀nù tirẹ̀ tilẹ̀ pọ̀ ju ti sípíríǹgì lọ, ìdí sì nìyẹn tí ọ̀pọ̀ ọ̀bẹ ìfín fi máa ń ti ara fáìlì wá. Àmọ́ fáìlì le gan-an látọ̀dọ̀ ẹni tó ṣe é. Àfi kí a kọ́kọ́ fi iná sun ún kó pọ́n, ká bò ó mọ́ inú eérú gbígbóná, kó sì tutù jẹ́jẹ́ mọ́júmọ́, kó tó gbọ́rọ̀ sí òòlù lẹ́nu.

Bí irin bá wá láìní orúkọ, iná ara rẹ̀ la fi ń dá a mọ̀. Gbé e sún mọ́ òkúta ẹ̀rọ ìlọrin. Irin tí kò ní kábọ́ọ̀nù púpọ̀ á ta ìpànpá iná gígùn tó nà gbọnrangandan, tó sì kú síbẹ̀. Èyí tó ní in á ta kúkurú, orí ìpànpá kọ̀ọ̀kan á sì fọ́ yányán sí ẹ̀ka wẹ́wẹ́. Mo fẹ́ràn ìdánwò yìí nítorí pé kò náni ní kọ́bọ̀, àti pé ojú nìkan ló ń lò. Irin tí wọ́n fi síńkì bò, tó ń dán bí ti páànù, ìyẹn ni kí a má gbé súnmọ́ iná rárá. Èéfín síńkì a máa fún èèyàn ní ibà lóru ọjọ́ náà gan-an, ó sì lè ṣe jù bẹ́ẹ̀ lọ.

Ilé arọ́ ẹ̀yìnkùlé kò fẹ́ nǹkan ńlá. Kòtò kékeré tí a fi amọ̀ rẹ́ inú rẹ̀, páìpù irin kan tó ń gbé afẹ́fẹ́ wọ ìdí rẹ̀, ó tán. Èédú igi àyìn ni n kò ní fi wé òmíràn. Ó wúwo, kì í ta púpọ̀, bó bá sì ti ràn, ó ń pẹ́. Àwọn tó ń fi èédú dáná ìdílé a máa ṣàròyé pé àyìn ń pẹ́ kó tó ràn. Lẹ́nu iṣẹ́ arọ́, àléébù yẹn kò já mọ́ nǹkan. Ní ti afẹ́fẹ́, ẹwìrì onígi aláwọ ni àwọn bàbá wa ń lò, ọmọ kan ló sì máa ń jókòó fín in, ọwọ́ ọ̀tún, ọwọ́ òsì, láìsinmi. Lóde òní, ẹ̀rọ ìgbẹrun tí onídìrí ti sọ nù ń ṣe iṣẹ́ yẹn, fáànù kékeré inú kọ̀ǹpútà náà ń ṣe é. Wọ́n rọrùn, mi ò sọ pé wọn kò rọrùn. Ṣùgbọ́n ẹwìrì kì í mọ̀ bí iná mànàmáná bá lọ.

Owú tí a ó máa lu irin lé lórí ńkọ́? Àwọn kan á ní kí èèyàn wá àjákù ojú irin rélùwéè. Ojú irin rélùwéè dára lóòótọ́, ṣùgbọ́n ọlọ́pàá lè bi ọ́ bó ṣe dé ọ̀dọ̀ rẹ, kí o sì máa wá ìdáhùn. Irin ribiti tó máa ń gbé ẹsẹ̀ ẹ̀yìn ọkọ̀ akẹ́rù tó fún un. Rì í mọ́ inú ìtì igi ní òòró, kí orí rẹ̀ yọ síta dé ìwọ̀n ibi tí ọwọ́ rẹ ń dé bí o bá na apá sílẹ̀ ní ìdúró. Ibi tí a fi ń lu irin kò tóbi, òótọ́ ni. Ṣùgbọ́n ibi tí òòlù ń bà lẹ́ẹ̀kan náà kò tóbi.

Ká wá sórí lílù. Irin tó wọ iná kò kàn ń gbóná, ó ń yí àwọ̀ padà, àwọ̀ yẹn sì ni gbogbo ẹ̀kọ́ iṣẹ́ náà. Ó kọ́kọ́ ń pọ́n ṣíṣú, débi pé inú òkùnkùn nìkan la ti lè rí i. Ó ń pọ́n sí i títí tó fi di pupa fòò. Lẹ́yìn náà, ó di àwọ̀ ọsàn tó gbó. Ibẹ̀ ni kí o yọ ọ́. Bó bá kọjá ibẹ̀, tó ń funfun, tó bẹ̀rẹ̀ sí í ta ìpànpá fúnra rẹ̀ nínú iná, ó ti jóná nìyẹn. Ojú ibẹ̀ á rí háráhárá, kò sì sí bí a ṣe lè tún un ṣe ju ká gé e sọ nù lọ. Ní àwọ̀ ọsàn, irin ń gba òòlù wọlé, ìró rẹ̀ sì ń dún kù, kù, lábẹ́lẹ̀. Bó ti ń tutù, ìró náà ń ga, ó ń di kọ̀n, kọ̀n, ọwọ́ á sì mọ̀ ọ́n kí ojú tó mọ̀. Dá a padà síná. Ẹni tó bá ń lu irin tó ti ṣú ń da ìrora sí èjìká ara rẹ̀, ó sì ń la irin náà nínú láìmọ̀.

Ìrù àáké la fi ń bẹ̀rẹ̀, ìyẹn apá tó máa wọ inú igi. Àwọn àgbà ní alágbẹ̀dẹ tó ń lu irin lójú kan, ó ní ohun tó fẹ́ fà yọ níbẹ̀. A máa ń pa òwe yìí mọ́ ọ̀rọ̀ ẹni tó ń béèrè nǹkan kan náà ní gbogbo ìgbà, ṣùgbọ́n lórí owú, bó ṣe rí gan-an nìyẹn. Lù ú lẹ́gbẹ̀ẹ́ ọ̀tún, yí i, lù ú lórí, yí i padà, lù ú lẹ́gbẹ̀ẹ́ ọ̀tún. Ohun tó nípọn tó ìka méjì ń fà, ó ń gùn, ó ń ṣóró, ìpẹ́ dúdú ń já bọ́ lára rẹ̀ sílẹ̀. Lẹ́yìn èyí ni a yí sí ẹnu. A tẹ́ ẹ kó fẹ̀, a sì fi orí òòlù tó rí roboto lù ú ní ojú ìdí igi tí a gbẹ́ kòtò sí, kí ó lè tẹ̀ kọrọdọ. Lílù sórí igi yìí dùn ún wò. Igi ń jó, èéfín ń rú, iná kékeré ń là lábẹ́ irin, irin ọ̀hún sì ń tẹ̀ láìsí àpá òòlù kan lójú rẹ̀. Bí o bá ń fẹ́ kó tẹ̀ sí i, kòtò inú igi náà á ti jóná jìn sí i fúnra rẹ̀.

Ojú àdúgbò wà lára iṣẹ́ yìí o. Ìró òòlù kì í fara pamọ́. Ọmọdé á kọ́kọ́ yọjú lórí ògiri, ìyá wọn á tẹ̀ lé wọn, kò ní pẹ́ tí ẹnìkan á fi béèrè bóyá o lè bá òun ṣe ẹsẹ̀ ààrò. Onílé náà á béèrè nǹkan mìíràn.

Nígbà tí lílù bá tán, tí a ti fi fáìlì tún ẹnu ṣe, irin náà rí bí irinṣẹ́, ṣùgbọ́n kò tíì dé ipò irinṣẹ́. Ó ṣì rọ̀. Ohun tó kù ni ìpele tí ọ̀pọ̀ èèyàn ń sá lójú rẹ̀, òun sì ni mo fẹ́ràn jù. A máa ń ṣe é ní ìrọ̀lẹ́, nígbà tí oòrùn ti lọ, nítorí pé ìmọ́lẹ̀ ọ̀sán ń tan ojú jẹ: irin tó ti pọ́n fòò á dà bí èyí tó ṣì ṣú. Kọ́kọ́ sun ún kó pọ́n, kí o sì jẹ́ kó tutù nínú afẹ́fẹ́, kí làálàá òòlù lè kúrò lára rẹ̀. Tún un gbé síná, ẹ̀mí jẹ́jẹ́, má fín afẹ́fẹ́ púpọ̀. So òòfà kékeré mọ́ okùn kan sẹ́gbẹ̀ẹ́. Bí irin bá dé nǹkan bí ìwọ̀n 770 lórí òṣùwọ̀n Celsius, òòfà kò ní fà á mọ́, àfi bí ẹni pé igi ni. Ìyanu kékeré ni èyí, kò sì tíì sú mi. Irin tó ń rọ̀ mọ́ òòfà nísinsìnyí, tí a bá fi iná fún un díẹ̀ sí i, á dàbí ẹni tí kò mọ̀ ọ́n rí. Fún un níná díẹ̀ kọjá ibẹ̀, kí o sì tì í bọ inú òróró ní ṣánṣán, ẹnu ló ṣíwájú.

Òróró ẹ̀pà ni mo dámọ̀ràn, kí a ti mú un lọ́ wọ́ọ́rọ́ ṣáájú. Omi yá jù fún sípíríǹgì; ó ń mú un tutù lójijì débi pé ó lè sán, ìró rẹ̀ á sì dún tíń nínú omi. Òróró ọkọ̀ tó ti dúdú wọ́pọ̀, kò sì wọ́n, ṣùgbọ́n èéfín rẹ̀ kì í ṣe ohun tí èèyàn ń fà símú. Ti ẹ̀pà, òórùn àkàrà ló ń mú jáde. Iná lè là lójú òróró; ìdérí ìkòkò onírin ni kó wà nítòsí, kì í ṣe omi. Bó bá tutù, fi fáìlì kàn án lẹ́nu. Bí fáìlì bá ń yọ̀ lórí rẹ̀ láìjẹ ẹ́, ó ti le.

Ó ti le jù pàápàá. Bó bá bọ́ sílẹ̀ lórí símẹ́ńtì báyìí, ó lè ṣẹ́ sí méjì. Àfi ká gba díẹ̀ nínú líle náà kúrò, ká sì fi fífaradà rọ́pò rẹ̀. A óò fi sáńpépà nu ojú rẹ̀ kó funfun. A óò wá gbé ẹ̀yìn rẹ̀, níbi tó nípọn, sórí irin mìíràn tó gbóná, kí ooru máa rìn láti ẹ̀yìn bọ̀ wá sẹ́nu. Nígbà náà ni àwọ̀ mìíràn yóò yọ lójú irin funfun yẹn, kì í ṣe ti gbígbóná mọ́, nítorí pé irin náà kò pọ́n rárá. Ìpẹ́ tínrín tí afẹ́fẹ́ ń dá sójú rẹ̀ ni, bó sì ti ń nípọn ni àwọ̀ rẹ̀ ń yí. Àwọ̀ koríko gbígbẹ ló ń ṣíwájú, ní nǹkan bí ìwọ̀n 220 sí 230. Ó ń ṣú lọ sí àwọ̀ obì, ní nǹkan bí 250. Lẹ́yìn ìyẹn ni àwọ̀ èsè àlùkò, ní bí 280. Aró ló kẹ́yìn, ní ìwọ̀n 300. Gbogbo wọn ń tò tẹ̀ léra, wọ́n ń sún lọ sẹ́nu bí ìlà méjì-mẹ́ta tó dojú kọ ibì kan náà, ọwọ́ ni kó sì yá. Fún ọ̀bẹ ìfín, tí ẹnikẹ́ni kò ní fi òòlù lù, jẹ́ kí àwọ̀ koríko gbígbẹ nìkan dé ẹnu rẹ̀, kí o sì tì í bọ omi. Fún àáké, tó ń jẹ ìyà láti àárọ̀, jẹ́ kí àwọ̀ obì kọjá, kí àlùkò ṣẹ̀ṣẹ̀ máa wọlé. Bí aró bá dé ẹnu, ó ti rọ̀ jù. Tún gbogbo rẹ̀ bẹ̀rẹ̀ láti inú iná.

Ẹni tó bá ní ẹ̀rọ ìyan búrẹ́dì nílé lè fi ìyẹn ṣe é, kó yí bọ́tìnnì sí ìwọ̀n ooru tó fẹ́, kó sì lọ jókòó. Ó dájú jù, ó sì dọ́gba jù. N kò lè sọ pé ó burú. Ẹni tó bá ṣe é bẹ́ẹ̀ kò kàn ní rí àwọ̀ wọ̀nyẹn rìn ni, èmi kò sì ní fẹ́ kí ẹnikẹ́ni kú láìrí i.

Irú ìfẹ́ yìí kì í ṣe ti ilẹ̀ wa nìkan. Alexander Weygers, tí wọ́n bí ní erékùṣù Java ní 1901, tó kẹ́kọ̀ọ́ ẹ̀rọ ní Netherlands kó tó fi Amẹ́ríkà ṣe ilé, di agbẹ́gilére, ó sì ń rọ gbogbo irin iṣẹ́ rẹ̀ fúnra rẹ̀ ní Carmel Valley ní California. Ìdí ààtàn ni ó ti ń kó irin: sípíríǹgì, fáìlì, àjákù ẹ̀rọ. Ó ń kọ́ àwọn ẹlòmíràn pẹ̀lú, ó sì kọ ìwé The Making of Tools ní 1973, ó fi The Modern Blacksmith tẹ̀ lé e ní 1974. Ọkùnrin kan náà ló gba ìwé àṣẹ ìjọba ní 1945 lórí ọkọ̀ òfuurufú kan tó rí bí àwo. Ìyẹn kò fò rí. Àwọn irin rẹ̀ ló gbé orúkọ rẹ̀ dé ọwọ́ àwọn tó ń gbẹ́ igi títí di ìsinsìnyí. Nígbà tí mo wo àwòrán tó fọwọ́ ara rẹ̀ yà sínú àwọn ìwé yẹn, bó ṣe ń tẹ irin sórí igi, bó ṣe ń wo àwọ̀ tó ń sún lọ sẹ́nu, mo rí i pé alágbẹ̀dẹ ìlú Òsì tàbí ti Ìlá kò ní nílò ògbufọ̀ níwájú rẹ̀.

Èèkù ṣẹ́ kù. Èèkù àáké ìgbẹ́nà kì í ṣe igi gbọọrọ lásán. Ó ní orí, orí náà tóbi, inú orí yìí ni ìrù irin ń wọ̀. Ìdí ẹ̀ka la ti ń gé e, níbi tí ẹ̀ka ti pàdé ara igi, torí pé iṣan igi lọ́ mọ́ra wọn níbẹ̀, kì í sì í là. Gúáfà dára, ó le, ó sì wà ní ọ̀pọ̀ ẹ̀yìnkùlé. Àyìn dára jù ú lọ bí o bá rí i gé. Kì í ṣe lílu la fi ń lu ihò rẹ̀. A óò sun ìrù irin náà kó pọ́n, a óò fi aṣọ tútù wé ẹnu rẹ̀ kí ooru má bàa bà á jẹ́, a óò sì tì í wọ orí igi náà díẹ̀díẹ̀. Ó ń jó ọ̀nà ara rẹ̀ lọ ni. Ihò tó bá dá báyìí bá ìrù yẹn mu, kò tún ní bá òmíràn mu láé. A kì í lẹ̀ ẹ́, a kì í kàn án níṣòó. Bó ṣe ń ṣiṣẹ́ ló ń wọlé sí i. Bí o bá sì fẹ́ pọ́n ọn, gbá a lẹ́yìn lẹ́ẹ̀kan, á jáde.

Àwọn kan a máa wò ó pé ẹni tó ń ṣe èyí nílé ń gba iṣẹ́ lọ́wọ́ alágbẹ̀dẹ. Ọ̀rọ̀ kò rí bẹ́ẹ̀. Ẹni tó ti fọwọ́ ara rẹ̀ fa ìrù irin kan yọ ló máa ń mọ̀ pé owó tí alágbẹ̀dẹ ń gbà lórí ọkọ́ kan kéré. Àwọn tó ń dúnàá-dúrà kíkan-kíkan ní ṣọ́ọ̀bù wọn ni kò tíì gbé òòlù rí. Yàtọ̀ sí ìyẹn, ohun kan wà tí alágbẹ̀dẹ ṣì ń ṣe tí ẹ̀yìnkùlé kò lè ṣe: ó ń rọ ogún ọkọ́ tó dọ́gba. Ọ̀kan péré ni mo lè rọ kó dára, èkejì á yàtọ̀ sí i. Nígbà tí mo bá kọjá ní ilé arọ́, mo máa ń dúró wo bí irin ṣe ń bọ́ lọ́wọ́ ọ̀gá sọ́wọ́ ọmọṣẹ́ láìsí ọ̀rọ̀ kan láàrin wọn, kí n sì kí wọn pé àrọyè o. Ọmọ ìjọ ni mí, ṣùgbọ́n n kò bínú sí ẹni tó bá bu omi sílẹ̀ fún Ògún kó tó dáná. Ògún yẹn kan náà ni alágbẹ̀dẹ àti gbẹ́nàgbẹ́nà jọ ń pè, n kò sì rí ìdí tí wọn ò fi ní jọ máa pè é.

Kì í ṣe gbogbo irinṣẹ́ ló yẹ ní rírọ nílé. Àáké, ọ̀bẹ ìfín, ọ̀bẹ olójú títẹ̀ tí a fi ń há inú àwo, ṣísẹ̀lì kékeré fún ibi kọ́lọ́fín, ìwọ̀nyí ń dáhùn sí ọwọ́ ẹni. Ayùn kò dáhùn. Irin rẹ̀ fẹ́lẹ́, ó gùn, ó sì gbọ́dọ̀ le dọ́gba láti òkè délẹ̀. Bó bá wọ iná ẹ̀yìnkùlé, á lọ́ mọ́ra bí ewé tó gbẹ. Mo ń ra tèmi ní ṣọ́ọ̀bù bíi ti gbogbo èèyàn, mo sì ń fi fáìlì pọ́n eyín rẹ̀ bó bá ti kú. Ohun kan ṣoṣo tí mo máa ń ṣe sí i ni pé kí n tú èèkù oníke tí wọ́n fi sí i dànù, kí n sì fi gúáfà rọ́pò rẹ̀, torí pé oníke yẹn kì í gba ìka mi mẹ́rẹ̀ẹ̀rin.